Ẹni Tí Ìjì Ń Bọ̀ Wá Bá Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́

Òjò àrọ̀kúrò ti dé. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tí kò mọ̀ pé àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ló ń gbé ìjì rìn. Òjò àárín ọdún lè rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má ṣí páànù kan. Àrọ̀kúrò á rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òrùlé á ti balẹ̀ sójúde ẹlòmíì.

Níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, a rí táyà ọkọ̀ mẹ́rin lórí páànù àtíbàbà kan, wáyà ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́ òpó. Ìyá tó ni ibẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn lòun máa ń wò: bó bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí atẹ́gùn sì dákẹ́ rọ́rọ́, òun á sáré kó gààrí wọlé. Òótọ́ ni màmá sọ. Ìlà oòrùn ni ìjì wa ti ń wá. Àmọ́ kí ojú tó tó o, ó ti dé tán.

Ojú sátẹ́láìtì ti rí i tipẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra ni Meteosat, sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, ń ya àwòrán ìkùukùu orí Áfíríkà. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, ní ibùdó ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan yóò lò tó ogójì ìṣẹ́jú láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù. Ogójì ìṣẹ́jú tó kó ọjà, ó tó kó ọmọ ilé-ìwé kúrò lábẹ́ igi.

Ní Bírítéènì, ìjì ìgbà ìwọ́wé máa ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan lórí òkun Àtìláńtíìkì kó tó gúnlẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ, kí tọmọdé tàgbà lè mọ èyí tó ń bọ̀. Tiwa kì í fúnni lọ́jọ́, wákàtí péré ni. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ fi ń jáde, orí fóònù àwọn tó kàwé ló sì ń parí sí. Èyí ò dáa rárá.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa gba ìkìlọ̀ NiMet, tí yóò sì pe ìyálọ́jà, alága gáréèjì, ọ̀gá ilé-ìwé àti ilé iṣẹ́ rédíò lójú ẹsẹ̀, lédè tí wọ́n ń sọ nílé. Owó káàdì fóònù nìyẹn, kì í ṣe owó afárá. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá tàsé nígbà mìíràn, ó sàn kí a kó gààrí wọlé lásán ju kí ògiri wó lu ẹni tó ń yan án. Kí wọ́n gé àwọn igi tó ti gbẹ létí ọ̀nà pẹ̀lú.

Alága tó bá ti yan ẹni tirẹ̀, kó fi nọ́ńbà onítọ̀hún ránṣẹ́ sí wa. Ojú ewé yìí la ó tẹ̀ ẹ́ sí.