Ẹ̀fẹ̀ dà?

Nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí mo lọ wò ní sinimá, ọ̀rẹ́ mẹ́rin wọ bàálù lọ Dubai, wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n jó. Wọ́n dé etí òkun, wọ́n tún jó. Ẹnì kan yọ̀ ṣubú sómi, wọ́n ní ká máa rẹ́rìn-ín! Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọ̀kadà dé Òkè-Fìà, gbogbo ẹ̀ wọgbó. Irú fíìmù yìí kan náà ni wọ́n ń gbé fún wa ṣáá. Ṣé físà ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni? Ní Òṣogbo yìí, níbi tí Dúró Ládiípọ̀, àgbà òṣèré tíátà, ti dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962! Ẹ wá ìtàn kẹ́ ẹ tó wá aṣọ, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ pátì ni mo fẹ́ wò, Sátidé ń bọ̀, wọ́n á ta kánópì dí títì àdúgbò wa, ìrẹsì ẹ̀ ò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì.