Òkè Tó Ga Jù Kọ́ Ló Le Jù fún Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín àwa tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọndọn. Nígbà tá à ń múra láti fi ọ̀sẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè ilẹ̀ Faransé, òun ló tẹ́ máàpù sílẹ̀, tó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí Galibier, 2,642 mítà: "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́ ni." Ó dé orí Grand Colombier, 1,501 mítà: "Èyí dáa fún ọjọ́ àkọ́kọ́, ká fi na ẹsẹ̀." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, torí ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ náà nìyẹn. Òkè tó bá ga jù ló máa le jù. Ta ló tún máa béèrè àlàyé lórí ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké, torí ó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún ọ̀nà tí wọ́n lè gùn tayọ̀tayọ̀, ó sì ń ti àwọn mìíràn sórí ọ̀nà tí wọn ò múra sílẹ̀ fún rárá.

Ojú òkun ni wọ́n ti ń ka gíga òkè, ṣùgbọ́n kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbéra láti ojú òkun lọ sí Galibier. Bó o bá gba Valloire, abúlé yẹn fúnra rẹ̀ ti wà ní 1,401 mítà kó o tó fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà. Culoz, níbi tá a ti gbéra lọ sí Grand Colombier, wà lẹ́bàá odò Rhône, gíga rẹ̀ kò sì tó 300 mítà. Ẹ wá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Láti Valloire dé orí Galibier jẹ́ kìlómítà 18.1, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 6.9% ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn ni pé bó o bá lọ síwájú ní ọgọ́rùn-ún mítà, wàá ti gòkè ní mítà méje ó dín díẹ̀. Ọ̀nà tí Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, gbà láti Culoz lọ sórí Grand Colombier ní ọdún 2020 jẹ́ kìlómítà 17.4, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 7.1%. Bẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò náà, bíi 1,240 mítà ni ẹsẹ̀ yín máa gbé yín gòkè lórí méjèèjì. Ọ̀kan fi ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mítà kan ga ju èkejì lọ, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe lórí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba délẹ̀délẹ̀.

Ìpíndọ́gba pàápàá máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Galibier láti Valloire ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń le sí i bó o ṣe ń lọ. Grand Colombier ò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa rọ̀ díẹ̀ kó o mí, lẹ́yìn náà ó tún máa dìde dúró, àwọn ibì kan lórí rẹ̀ sì kọjá 12%. Mo rántí ibì kan nínú igbó tí ọ̀nà ti tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó sì dúró níwájú mi bí àkàbà. Mo ti wà lórí jíà tó fúyẹ́ jù lọ, síbẹ̀ mo tún tẹ̀ ẹ́, bóyá ọ̀kan ṣì kù. Kò kù. Òógùn ń kán láti imú mi sára irin kẹ̀kẹ́, ìró ṣéènì àti èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ẹ̀yìn mi ni mo ti wá ń gbọ́ kò, kò, kò: ẹ̀gbọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, abẹ́ bàtà rẹ̀ ń lu ọ̀dà títì. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, èmi náà ò sì bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ tá a fẹ́ fi na ẹsẹ̀ nìyẹn o.

Kì í ṣe Grand Colombier nìkan. Ní ìsọdá adágún Bourget, ní agbègbè Savoie, Mont du Chat wà níbẹ̀ ní 1,504 mítà. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á rò pé òkè kékeré ni, àmọ́ kìlómítà 8.7 ni, 10.3% sì ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Nígbà tí Tour gbà á kọjá ní ọdún 2017, inú ẹ̀ka tó le jù lọ ni àwọn olùṣètò fi í sí, èyí tí wọ́n ń pè ní "hors catégorie", torí gígùn àti ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Bí ọ̀nà ṣe dúró ṣánṣán náà ló ń dà wálẹ̀: nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Richie Porte, ọ̀kan lára àwọn eléré náà, ṣubú gidigidi, Tour ọdún yẹn sì parí fún un níbẹ̀.

La Planche des Belles Filles tún kéré ju ìyẹn lọ. Agbègbè Vosges ló wà, níhà ìlà-oòrùn, ibi tí àwọn eléré Tour sì parí sí lórí rẹ̀ ní ọdún 2020 kò ju 1,035 mítà lọ. Lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n ti gun Col de la Loze, 2,304 mítà, Primož Roglič sì ni ọwọ́ rẹ̀ lékè Tadej Pogačar níbẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìdíje parí, Roglič fi ìṣẹ́jú-àáyá 57 ṣíwájú. Wọ́n wá ní kí kálukú dá sáré tirẹ̀, kí aago máa ka àkókò, kí wọ́n sì parí sórí La Planche: kìlómítà 5.9 péré, 8.5%, tí ìparí rẹ̀ dé 20%. Pogačar gba ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò, èyí tí ẹni tó ń ṣíwájú ìdíje máa ń wọ̀, lọ́wọ́ Roglič lọ́jọ́ yẹn. Òkè ńlá ò gbà á, òkè kékeré ló gbà á.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Lójú tèmi, àwọn pátákó wà lára ohun tó fà á. Lórí Bonette, wọ́n ṣe ọ̀nà kan tó yí orí òkè náà ká dé 2,802 mítà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ọ̀nà tó ga jù lọ ní Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ya fọ́tò nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ irọ́ ni. Ọ̀nà ọlọ́dà tó lọ sórí Veleta ní Sípéènì kọjá 3,000 mítà dáadáa, ọ̀nà Ötztal ní Ọ́síríà náà sì ga jù ú lọ. Iseran, tó jẹ́ 2,764 mítà, ló ga jù nínú àwọn ọ̀nà ọlọ́dà tó ré òkè kọjá láti àfonífojì kan sí èkejì ní àwọn òkè Alps. Wọ́n ń fi gíga ṣe ìpolówó, àwa náà sì ń fi gíga ṣe ìbẹ̀rù.

Ìtàn náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí Tour kọ́kọ́ gba Galibier kọjá ní ọdún 1911, tí Émile Georget kọ́kọ́ dé orí rẹ̀, ilẹ̀ àti òkúta ni ọ̀nà náà. Kẹ̀kẹ́ wọn ò ní jíà téèyàn lè yí pa dà láìsọ̀ kalẹ̀. Ọdún 1937 ni ìdíje náà tó fàyè gba irú jíà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ìgbà yẹn ní ìdí. Lónìí, bí kẹ̀kẹ́ bá ní eyín 34 níwájú àti 34 lẹ́yìn, tó o sì ń yí pẹ́dà nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, wàá máa lọ ní bíi kìlómítà 7.5 ní wákàtí kan, láìsí pé orúnkún ń ké. Jíà ẹ̀yìn tí ẹ̀gbọ́n gbé lọ sí Grand Colombier kò ju eyín 25 lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí 32 ní ṣọ́ọ̀bù kan. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ló yẹ ká ti wò ó.

Mi ò ní sọ pé gíga kò já mọ́ nǹkan kan. Lókè 2,600 mítà, agbára afẹ́fẹ́ ti dín sí bíi 73% ti ojú òkun, àyà á sì sọ fún ọ. Òtútù àti ìjì tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2019, yìnyín àti ilẹ̀ tó ya dí ọ̀nà níwájú àwọn eléré Tour lẹ́yìn Iseran, wọ́n dá ìdíje dúró, wọ́n sì fi àkókò tí kálukú dé orí òkè ṣe ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Egan Bernal ṣe gba ẹ̀wù yẹ́lò. Ṣùgbọ́n ìjì ò fi dandan nílò gíga bẹ́ẹ̀. Mont Ventoux kò ju 1,910 mítà lọ, síbẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe fa òpin ìdíje wálẹ̀ ní kìlómítà mẹ́fà sí Chalet Reynard ní ọdún 2016.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kan máa le, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti ń gbéra, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíga orí òkè, kẹ́ ẹ wá wo ìdagẹ̀rẹ̀ kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Lójú ọ̀nà ọ̀pọ̀ òkè ní Faransé, wọ́n ti ri àmì kéékèèké mọ́lẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́: ó máa sọ iye kìlómítà tó kù àti bí èyí tó kàn ṣe máa ga tó. Kìlómítà kan tó jẹ́ 11% yẹ kó bà yín lẹ́rù ju 2,642 lọ.

Ọjọ́ kẹrin la lọ sí Galibier, láti Briançon. Bíi kìlómítà 28 dé Col du Lautaret, ní ìdagẹ̀rẹ̀ bíi 3%. A ń sọ̀rọ̀ lọ, a ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, yìnyín orí La Meije sì ń tàn níwájú wa. Gbogbo gíga tá a gùn lọ́jọ́ náà ju ti Grand Colombier lọ, àmọ́ ọ̀nà ti tẹ́ ẹ sórí ju kìlómítà 36 lọ. Láti Lautaret ló ku kìlómítà 8.5, ní 6.9%. Ibẹ̀ la dákẹ́. Lẹ́bàá ẹnu ihò tí mọ́tò ń gbà ni òkúta ìrántí Henri Desgrange wà, ẹni tó dá Tour sílẹ̀ ní ọdún 1903. Oníkẹ̀kẹ́ kì í gba inú ihò. Òkè ló ń bá lọ, kìlómítà tó kẹ́yìn yẹn ló sì le jù. Ó mú wa, mi ò ní purọ́. Jíà tuntun yẹn náà ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.

Ó débẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn mi. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti pátákó, ó fi ìbọ̀wọ́ nu ojú nọ́ńbà 2,642 náà, ó ní kí n ya òun ní fọ́tò. Àyàfi ìgbà tá a dúró mu kọfí ní Lautaret, kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti Briançon.