Ẹ má pè é ní ìwé àtijọ́

Mi ò gbà pé àwọn fọ́tò àti ìwé tí ọlọ́pàá Dallas kó jọ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 1963 ti di ìwé àtijọ́ lásán, bí ẹ ṣe kọ ọ́. Oswald, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn, ò dé ilé ẹjọ́ rárá, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ruby yìnbọn pa á, bí ọlọ́pàá ṣe yí i ká! Kí ló wá kù tó lè sọ̀rọ̀ bí kò ṣe àwọn ẹ̀rí yẹn? Ìbọn tí wọ́n fi pa Kennedy ṣì wà nípamọ́ ní ìpínlẹ̀ Maryland títí dòní.

Ní Kábbà níbí, wọ́n pa ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà oko. Ọlọ́pàá gbé àdá tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ, ìgbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí i mọ́. Bí wọ́n ṣe tú àwọn afurasí sílẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó olóògbé ṣì ń bèèrè àdá yẹn.