Fóònù kọ́ ló ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ

Òkun o, gbogbo ilé. Mo ka àpilẹ̀kọ kan lórí ọmọdé àti fọ́tò yíyà. Ibi tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti ní kámẹ́rà olówó ńlá ló yẹ ká rà fọ́mọ tó bá fẹ́ràn fọ́tò, pé fóònù ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ, n ò bá a dé ibẹ̀. Ní Kàbà níbí, fóònù mi àtijọ́ tójú ẹ̀ ti sán ni mo gbé fún ọmọ ọmọ mi. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: fọ́tò 36 lọ́sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo fíìmù mọ ibi tí mo ti mú 36 yẹn wá: iye fọ́tò tí rólù fíìmù kan lè gbà nìyẹn. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ ṣòfò nígbà náà, owó ẹ ló wọgbó. (Èmi fúnra mi ba odidi rólù kan jẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ bàbá ọmọ yìí, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nínú oòrùn. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí.)

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìgbà tó yá ló jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nídìí òfì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tẹ̀ ẹ́: àtàǹpàkò ìyá àgbà lórí òwú pupa, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, gbogbo ìlà ara ìka yẹn hàn ketekete. Ẹni tó sì kọ ọ́ sábẹ́ àpilẹ̀kọ náà pé iṣẹ́ ẹni tí ò ríwèé kà ni fọ́tò, ẹ rọra o, ta ló ní kọ́mọ náà fi jẹun? Ní báyìí, ó ń yọ mí lẹ́nu pé ká gun òkè Ògìdì kí ọyẹ́ tó bò ó lójú. Eékún mi ni mò ń rò.