Àtúnṣe: Afẹ́fẹ́ inú bíréèkì kì í jáde bẹ́ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn tó ní bí bíréèkì ọkọ̀ bá rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí fóòmù nítorí afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀, kí èèyàn kàn tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn táyà sílẹ̀, kó máa tẹ bíréèkì léraléra. Afẹ́fẹ́ tí ẹ lé jáde á gba ibẹ̀ padà wọlé gbàrà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀.

Èèyàn méjì ló ń lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu nọ́ọ̀tì náà, kí ẹ ri ìdí rẹ̀ sínú ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ nínú ìgò. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọlẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé e rárá títí ẹ ó fi dè é padà. Èmi máa ń pariwo "Mo ti dè é!" kí ẹnì kejì mi tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì tó ń jáde kò fi ní hó bí omi ọṣẹ mọ́, kí ẹ sì máa bu ọ́ìlì kún ike ọ́ìlì bíréèkì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kó má baà gbẹ.

Ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ẹ lè fi dípò ọ́ìlì bíréèkì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ń mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú, bíréèkì lè má mú mọ́ lójú títì. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ rà.