Oòrùn kọ́ ló ń fún yín níbà o

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà kí àǹtí mi kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà n'Iléṣà níbí, mo bá a tó ká jọ sórí bẹ́ǹṣì, ó fìró bora, ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀yin náà ṣáà ti mọ ohun tó sọ: "Oòrùn àná ni o, mo wà nínú ẹ̀ látàárọ̀ torí oníbàárà kan tó ní òun ń bọ̀ tí ò sì wá, àárọ̀ yìí nibà bá kì mí mọ́lẹ̀." Kí n tó lanu, ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti fòwe tì í lẹ́yìn, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó tán, wọ́n ti dájọ́.

Òwe yẹn dùn, èmi náà ń pa á, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ń wá ohun tó fa àìsàn á ṣì yín lọ́nà gan-an ni. Pé nǹkan kan tẹ̀lé òmíì ò ní kó jẹ́ èyí tó ṣíwájú ló bí i. Àǹtí mi jẹ ẹ̀wà lánàá, ó bá ọlọ́kadà jà lórí ṣéńjì, ó tún pẹ́ kó tó sùn, kí ló dé tó jẹ́ oòrùn nìkan ló rí mú?

Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà máléríà kiri, abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles, òru ló sì máa ń jẹ èèyàn jù. Ọdún 1897 ni dókítà Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà, kì í ṣọ̀rọ̀ àná. Ibi tó wá ká mi lára jù rèé: tí ẹ̀fọn yẹn bá jẹ yín lálẹ́ òní, ibà ò ní dé lọ́la o, kòkòrò ẹ̀ á kọ́kọ́ wọnú ẹ̀dọ̀ lọ máa pọ̀ sí i, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tá a bá fẹ́ mú ọ̀daràn, ibi tí àǹtí mi sùn ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló yẹ ká lọ wò.

Tó bá sì jẹ́ oòrùn ni, ṣebí inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà ì bá máa gbòde jù? Ìgbà òjò tí omi dúró sí kòtò káàkiri ló ń gbòde. Ẹ wo Íjíbítì, aṣálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn, oòrùn wọn ò kẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ lọ́dún 2024 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé máléríà ti tán ńbẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ti ṣe irú ẹ̀ rí ṣá. Máléríà gan-an, èdè Ítálì ni, afẹ́fẹ́ burúkú ló túmọ̀ sí, wọ́n rí i pé àwọn tó ń gbé létí àbàtà tó ń rùn ló ń ṣàìsàn, ẹ̀fọn ń fò kọjá lójú wọn. Wọ́n di tiwọn ru òórùn, àwa di tiwa ru oòrùn.

Mi ò ní oòrùn ò lè fọ́ yín lórí o, pàápàá tẹ́ ò bá mumi. Nígbà mìíì ibà ti wà lára tẹ́lẹ̀, ara ti ń rọ, ìyẹn ni oòrùn tẹ́ ẹ ti ń jókòó sí látọjọ́ yìí ṣe wá dìyà.

Mo ṣáà fà á dìde, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan lẹ́yìn ọjà, wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ máléríà wò, a dúró bí ìṣẹ́jú 15. Ìlà méjì ló yọ, máléríà ni lóòótọ́. Àǹtí mi bá kọjú sí mi: "Ṣé ìwọ náà wá rí i? Mo ṣáà sọ fún ẹ pé oòrùn àná ni."