Ilẹ̀kùn mẹ́ta, ewúrẹ́ méjì: ṣé ká dúró ni àbí ká yí padà?

Tíṣà Ìṣirò: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká fi ọpọlọ ṣeré díẹ̀ ká tó sùn. Ilẹ̀kùn mẹ́ta wà níwájú rẹ, wọ́n kọ 1, 2 àti 3 sí wọn lára. Mọ́tò tuntun wà lẹ́yìn ọ̀kan, ewúrẹ́ wà lẹ́yìn méjì yòókù. O mú 1. Atọ́kùn eré, tó mọ ibi tí mọ́tò wà, ò ṣí tìẹ. Ó ṣí 3, ewúrẹ́ ló yọjú. Ó wá ní, "Ṣé o dúró lórí 1 ni, àbí wàá bọ́ sí 2?" Èwo lo máa ṣe?

Ọlọ́kadà Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ gbé ewúrẹ́ náà fún mi jàre. Ta ló fẹ́ máa ra bẹntiróòlù sí mọ́tò lásìkò yìí? Koríko lásán ni ewúrẹ́ ń jẹ.

Àkàndé Ìbàdàn: Kí ló le níbẹ̀? Ilẹ̀kùn méjì ló kù, mọ́tò wà lẹ́yìn ọ̀kan. Ọgbọọgba ni. Tíṣà, ẹ gbé ìbéèrè míì wá.

Tíṣà Ìṣirò: Kì í ṣe ọgbọọgba o. Bó o bá bọ́ sí 2, ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta lo máa wa mọ́tò lọ sílé. Ìwọ nìkan kọ́ ló ṣì í. Ní 1990, Marilyn vos Savant dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé ìròyìn Parade ní Amẹ́ríkà, ó ní kéèyàn yí padà. Lẹ́tà bí 10,000 ló wọlé, ọ̀pọ̀ wọn ló ní irọ́ ló pa. Àwọn tó ní oyè ọ̀mọ̀wé ló kọ bí 1,000 nínú ẹ̀. Òun ló sì jàre.

Àkàndé Ìbàdàn: Ọ̀mọ̀wé bí 1,000? Ẹ ṣeun. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà gbágbáágbá.

Ìyá Ìbejì: Bó ṣe yé mi rèé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ nawọ́, ewúrẹ́ méjì ló wà ńlẹ̀, mọ́tò kan. Ó jọ pé ewúrẹ́ ni ọwọ́ mi máa bà. Bó bá sì jẹ́ ewúrẹ́ ni mo mú, atọ́kùn ò ní ohun tó máa yàn: ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣí, mọ́tò ló máa fi sílẹ̀ fún mi. Àfi tó bá jẹ́ mọ́tò ni mo kọ́kọ́ mú ni yíyí máa dùn mí, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta nìyẹn.

Àkàndé Ìbàdàn: Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ṣí ti lọ. Méjì ló kù. Méjì! Ẹ ka ìka yín.

Adé Peckham: Bọ̀dá Àkàndé, ká ní ilẹ̀kùn 100 ni. Ẹ mú 1. Atọ́kùn ṣí 98, ewúrẹ́ ni gbogbo wọn, ilẹ̀kùn nọ́ńbà 57 nìkan ló rọra fò. Ṣé ẹ ṣì máa jókòó ti 1?

Àkàndé Ìbàdàn: Ewúrẹ́ 98! Ṣé Iléyá ni? Ó dáa, màá yí níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mẹ́ta kì í ṣe 100.

Adé Peckham: Ẹ má fòyà. Paul Erdős, ọmọ Hungary, ọ̀gá nínú ìṣirò, náà ò gbà títí wọ́n fi fi kọ̀ǹpútà ta eré náà lójú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọlọ́kadà Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹni tó bá ti ta tẹ́tẹ́ onífe mẹ́ta rí ní ibùdókọ̀ ò ní tètè yí nǹkan kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó nígbà náà. Mo fọwọ́ lé ife kan, ojú mi sì rí i kedere pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà. Ni ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó dáadáa o, ẹ ṣì lè yí i." Mo yí i. Owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta bá a lọ. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló ní kí n yí, kí ló sì fẹ́ jẹ níbẹ̀?

Tíṣà Ìṣirò: Ibi tí gbogbo ẹ̀ dá lé lo fọwọ́ bà yẹn. Ìṣirò mi dúró lórí pé dandan ni fún atọ́kùn láti ṣí ewúrẹ́ kan, kó sì fún ọ láyè láti yí, ohun yòówù kó o mú. Bó bá jẹ́ ìgbà tó o bá mú mọ́tò nìkan ló ń ní kó o yí, ewúrẹ́ ni wàá máa fà relé. Monty Hall gan-an, atọ́kùn eré tẹlifíṣọ̀n Let's Make a Deal ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n forúkọ ẹ̀ pe àdììtú yìí, ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ìwé ìròyìn New York Times ní 1991.

Ìyá Ìbejì: Tí atọ́kùn fúnra ẹ̀ ò bá mọ ibi tí mọ́tò wà ńkọ́? Ó kàn ṣí ọ̀kan, ewúrẹ́ sì ṣèèṣì jáde.

Adé Peckham: Ìyẹn wá di ọgbọọgba lóòótọ́. Ẹ ta á ní ìgbà 300. Bí 100, mọ́tò lẹ mú. Nínú 200 tó kù, atọ́kùn á ṣèèṣì ṣí mọ́tò síta ní bí 100, eré bàjẹ́. Ó wá ku 100 sí 100.

Àkàndé Ìbàdàn: Ọgbọọgba! Kí ni mo ń sọ látàárọ̀?

Tíṣà Ìṣirò: Àkàndé, padà lọ kà á lókè. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé atọ́kùn mọ̀.

Àkàndé Ìbàdàn: Mo ti dé o. Mo da ife mẹ́ta dé sórí tábìlì, ọmọbìnrin mi ń fi ẹ̀pà pa mọ́ sábẹ́ ọ̀kan. Ìgbà 30 tí mo dúró, mo jẹ 11. Ìgbà 30 tí mo yí, mo jẹ 19. Ó ṣì ń bí mi nínú. Lọ́la, màá ní kóun náà dijú kó tó ṣí ife, kó má mọ ibi tí ẹ̀pà wà. Tí kò bá di ọgbọọgba, Adé, ìwọ lo máa san owó ẹ̀pà.